Irin Àárín Híńjì
Ìlẹ̀kùn ilé ní Ìwàràjà ń yí lórí ìwakùn, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní híńjì. Bí irin àárín rẹ̀ bá yọ, ìlẹ̀kùn a dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òfúrufú yàtọ̀. Air Beetle tí wọ́n tò ní Kàdúná fún Ọmọ Ogun Òfúrufú Nàìjíríà jáde láti ara RV-6A ti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tí onísùúrù lè tò nílé. Híńjì gígùn ni ó so abala ẹ̀yìn apá rẹ̀, èyí tí awakọ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ láti balẹ̀. Bí ti ọ̀tún bá já, tí ti òsì kù, ọkọ̀ lè yí dànù nítòsí ilẹ̀. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì a sì máa ti irin náà jáde díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀, tí wọ́n ń fi wáyà lílọ́ so ó mọ́ra. Wáyà tí wọ́n bá tú, wọn kì í tún un lò. Tuntun ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.