Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ lọọ najú ní New York, ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú títì o!

Ohun tójú àwọn àlejò ń rí ní ìsàlẹ̀ Manhattan kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ẹ́ wo Statue of Liberty, ère obìnrin gàgàrà àárín omi nì, làwọn kan á ti yí wọn ká, wọ́n á gbowó gọbọi. Ọkọ̀ tí wọ́n á wá kó wọn sí ò ní í dúró níbi ère ọ̀hún rárá, yóò kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni!

Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ lọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Staten Island. Láti ọdún 1997 ni wọn ò ti gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò mọ́, tọ̀sán-tòru ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ dúró lápá ọ̀tún bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ óò rí ère náà kedere.

Ẹni tó bá lóun fẹ́ẹ́ dé ibi adé orí rẹ̀, àfi kó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó tó kúrò nílé, kó sì yẹ orúnkún ara ẹ̀ wò, torí àtẹ̀gùn 162 ń dúró dè é.

Táwa bá ní ká sọ tiwa, afárá Brooklyn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1883 la fẹ́ràn jù. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín já, ẹnikẹ́ni ò ní í bi yín lówó. Àmọ́ tó bá jẹ́ oṣù kìn-ín-ní lẹ lọ, ẹ mú kóòtù gidi dání o, atẹ́gùn orí afárá yẹn ò mọ̀ pé àlejò ni yín.