Ilé Ni Kí Ó Ṣáájú Ọkọ̀: Ìlàlóye fún Ẹni Tó Fẹ́ Kó Láti Àbújá Wá sí Èkó

Àwọn tó ń wá sí kọ́ńtà wa lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ń pẹ́ jù kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti sanwó tán, wọ́n ti fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì tí wọn kò kà já, ọkọ̀ tó kó ẹrù wọn láti Àbújá sì ń dúró dè wọ́n létí títì, kí wọ́n tó wá bi wá bóyá onílé láṣẹ láti gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ló yẹ kí wọ́n ti béèrè. A lè bá yín ka àgírímẹ́ǹtì kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí a sì fi ibi tó ti tako òfin hàn yín. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ohun tó kù kò ju pé ká darí yín sí Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà láàárín onílé àti ayálégbé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjà ni wọ́n ń bá yín parí níbẹ̀, kì í ṣe pé owó yóò padà sápò yín lọ́jọ́ náà. Tí a bá sì wádìí bí wàhálà wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ni ó ń já sí: wọ́n ti di ẹrù kí wọ́n tó rí ilé. Tìtorí èyí ni a ṣe kọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí ilé ṣáájú ọkọ̀.

Bí ẹrù orí ọkọ̀ ṣe ń gbowó lọ́wọ́ ẹni

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé jìbìtì àwọn ejẹ́ńtì Èkó ló ń kó wọn sí gbèsè. A kò sọ pé jìbìtì kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ejẹ́ńtì tó gbowó ìfihàn ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Àbújá, ó ṣòro fún un láti rí i gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó láti Ṣómólú lọ sí Ìkòròdú. Ẹni ti Ṣómólú lè ní òun kò gbà, kó padà sílé lọ sùn, kó tún wá ejẹ́ńtì mìíràn lọ́la. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ kò ní ilé tí yóò padà sí. Ó ti dá kọ́kọ́rọ́ ilé Àbújá padà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹbí tí kò retí pé wọ́n á pẹ́, awakọ̀ sì ń ka wákàtí. Kò lè sọ pé rárá, ẹni tó ń bá a nájà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo owó àfikún tí ẹ ń gbọ́ nípa rẹ̀, ibi àìlèsọ pé rárá yìí ni ó ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an tún ń dá kún un. Àdéhùn ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni pé kí wọ́n gbé ẹrù dé, kí wọ́n já a, kí wọ́n máa lọ. Tí ọkọ̀ bá sùn, owó mìíràn ni. Tó bá sì jẹ́ tírélà ni ẹ gbà, òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2012 kò fẹ́ kí tírélà máa rìn láàárín ìlú láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì gígùn tó ń kó èrò ni ó yọ sílẹ̀. Tírélà tó bá dé Berger, lẹ́nu ọ̀nà tí a ń gbà wọ Èkó, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ ó wá máa já ẹrù lóru, ní àdúgbò tí ẹ kò ti mọ ẹnì kankan, lójú àwọn ọmọ àdúgbò tí yóò ní kí ẹ sanwó kí mátíràsì yín tó kan ilẹ̀. Ẹni tó ti wá wo àdúgbò náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, tó ti kí alága àwọn onílé ibẹ̀, ti mọ ẹni tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kékeré tó lè wọ ìlú lọ́sàn-án á sì sàn fún ọ̀pọ̀ ìdílé, bí ẹrù wọn kò bá ju ti yàrá méjì lọ.

Iye tí ilé ń jẹ́ gan-an

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e ni pé àwọn èèyàn ń ka owó ilé àti owó ọkọ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé tí ẹ rí jẹ́ ₦1,500,000 lọ́dún. Ejẹ́ńtì á gba kọmíṣọ̀n, lọ́yà tàbí onílé á gba owó àgírímẹ́ǹtì, ó sì wọ́pọ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé. ₦300,000 nìyẹn. Bí owó kọ́ṣọ̀n bá tún jẹ́ ₦150,000, ilé tí wọ́n pè ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ti di ₦1,950,000, ẹ kò sì tíì gbé àga kan wọlé. Ẹni tó kó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ àti owó ọkọ̀ nìkan wá láti Àbújá ti fi ₦450,000 jìn sí kòtò kó tó kúrò nílé. Ibẹ̀ ni yíyá owó èlé orí fóònù ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé owó yín ká ilé kan, ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé iye tí wọ́n pè é. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju ọwọ́ yín lọ, ilé yẹn kì í ṣe tiyín, bó ti wù kí ó dára tó.

Ní ti owó ọdún méjì, ẹ jẹ́ ká là á dáadáa, torí òun ni ìbéèrè tó pọ̀ jù ní kọ́ńtà. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé tàbí aṣojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ayálégbé tó bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ náà rú òfin ọ̀hún, ìyẹn ni pé òfin kò dá ẹni tó san án láre. Ó tún sọ pé onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní rìsíìtì tí ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún, yóò hàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé ní ibi mẹ́rin yìí kò lè fi òfin náà di onílé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ tó wá bá wa pẹ̀lú ìbínú ni kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èsì fún àwọn tó ní ọ̀nà wa ń ná ni lówó

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé wíwá lẹ́ẹ̀mejì, ká kọ́kọ́ wá wo ilé ká tó kó ẹrù wá, ju ìnáwó ẹ̀ẹ̀kan lọ, pàápàá nígbà tí ìrìn náà lé ní 700 kìlómítà. Òótọ́ ni pé owó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ wà níbẹ̀, owó oúnjẹ àti ibi tí ẹ ó sùn sí fún ọjọ́ mélòó kan náà wà níbẹ̀. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Owó yẹn ní òpin, ẹ sì mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gbéra. Owó ilé tí kò dára kò ní òpin: omi tó ń wọlé lóṣù kẹfà àti oṣù keje, ọ̀nà tó fi wákàtí mẹ́ta jìnnà sí ibiṣẹ́, tàbí kí ẹ tún kó kúrò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ tún san kọmíṣọ̀n àti àgírímẹ́ǹtì tuntun. ₦300,000 àpẹẹrẹ òkè yẹn nìkan ti ju ìrìn àkọ́kọ́ lọ. A ò sì tíì ka ohun tí ẹ máa rí nígbà tí ẹ bá dúró ní àdúgbò náà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ẹ bi aládùúgbò bí omi ṣe ga tó nígbà òjò. Ẹ béèrè pàápàá bó bá jẹ́ apá Lẹ́kì ni ilé wà.

Àwọn mìíràn ní àwọn ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Èkó tí yóò bá wọn wo ilé. Ẹbí lè wo ilé, kó sì wò ó dáadáa, a kò kórìíra rẹ̀. Ohun tí ẹbí kò gbọdọ̀ bá yín ṣe ni kí ó sanwó tàbí kí ó fọwọ́ síwèé lórúkọ yín. Orúkọ tó bá wà lórí rìsíìtì ni onílé mọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ìyá kan náà ti dé iwájú wa, ó sì dun ni. Fídíò orí WhatsApp kò tó wíwò rárá. Ẹni tó ya fídíò ló yan ohun tó fẹ́ kí ẹ rí.

Àtakò tó le jù ni ti ẹni tí ibiṣẹ́ rẹ̀ ní kó wọlé ní ọjọ́ Mọ́ńdè. A mọ̀ pé ọ̀gá kò lè dúró de ilé. Ṣùgbọ́n ẹyin ni iṣẹ́ ń retí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kì í ṣe firíìjì yín. Ẹ wá pẹ̀lú àpótí aṣọ kan, kí ẹ wọ̀ sọ́dọ̀ ẹbí tàbí kí ẹ gba yàrá olóṣù, kí ìdílé àti ẹrù dúró sí Àbújá fún oṣù kan. Tí onílé Àbújá bá gbà kí ẹ san oṣù kan lé e, ẹ san án. Ẹ kọ oṣù kan yẹn sínú ìnáwó yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má kà á sí àdánù. Ejẹ́ńtì tó bá ní ẹlòmíràn ti ń mú owó bọ̀ lálẹ́ òní, ẹ ní kó gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ilé kì í tán ní Èkó. Kí ẹ tó fún ejẹ́ńtì kankan ní kọ́bọ̀, ẹ bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, ìyẹn àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó òwò ilé, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ wọn.

Ojú ọ̀nà, ọmọ ilé ìwé àti iná

Kò sí rélùwéè tó so Àbújá mọ́ Èkó. Ti Àbújá ń lọ sí Kàdúná, ti Èkó sì dé Ìbàdàn, nítorí náà ọ̀nà títì ni ẹrù yóò gbà. Ọkọ̀ tó gbé ọjà láti Èkó lọ sókè máa ń wá ẹrù tí yóò fi padà, ẹ lè dúnàá-dúrà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ mẹ́ta. Ẹ yẹra fún ìgbà tí odò kún ní apá Lọ́kọ́ja: ní oṣù kẹwàá 2022, omi dí ọ̀nà Kótón-Kárífí pa, ọkọ̀ kò sì lè kọjá. Ẹ kó rìsíìtì jẹnẹrétọ̀, tẹlifíṣọ̀n àti firíìjì dání fún àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà.

Ọmọ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC, ilé ìwé tó ti forúkọ sílẹ̀ ni yóò ti ṣe é. Ẹ má gbé e kúrò. Ní ti iná, ẹ béèrè Band tí ilé wà, torí láti oṣù kẹrin 2024 ni owó iná Band A ti gun òkè ju ti àwọn yòókù lọ, kí ẹ sì wo mítà bóyá gbèsè ayálégbé àtijọ́ wà lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní kọ́ńtà

Ẹ mú àgírímẹ́ǹtì tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí wá, pẹ̀lú orúkọ onílé àti ti ejẹ́ńtì, àti gbogbo owó tí wọ́n pè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ó gbà ní kọ́ńtà wa jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu géètì tí wọ́n ń sọ pé àwọn á bá yín yára gbà á kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, kò sì sí ohun tí wọ́n lè ṣe tí ẹ kò lè fúnra yín ṣe. Ẹni tó bá sanwó fún wọn, orí ìlà kan náà ni yóò tò sí.

Tí ẹ bá ti di ẹrù tán kí ìwé yìí tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Ẹ wá ibi tí ẹrù lè wà ní Àbújá, ìbáà jẹ́ yàrá ẹbí tàbí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀sì wá nìkan. Tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ pe awakọ̀ kí ẹ bá a dá owó ìdádúró ọjọ́ méjì kí ó tó dé Ṣàgámù. Iye tí ẹ dá nígbà tí ó ṣì wà lọ́nà yóò kéré sí iye tí yóò pè nígbà tí ó bá dúró sí Berger.