Ìlera ọkàn àwọn àgbà nínú agbo ilé: Fante New Town, Kumasi

Ìlera ọkàn àgbàlagbà ni agbára tí ó ní láti fara da ìyípadà ọjọ́ ogbó, láti máa bá ènìyàn ṣe, àti láti rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun dìde lórí ibùsùn lówùúrọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí ó bá fi di 2030, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà ní ayé ni yóò ti pé 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí ó ti pé 70 ọdún, nǹkan bí 14 nínú 100 ni ó ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀-ọkàn ni ó wọ́pọ̀ jù. Àìsàn méjèèjì ni ó ní ìtọ́jú. Ohun tí kì í jẹ́ kí àgbà rí ìtọ́jú náà ni pé òun fúnra rẹ̀, ẹbí rẹ̀, àti òṣìṣẹ́ ìlera nígbà mìíràn, a máa sọ pé: "Ọjọ́ ogbó ni."

Ibo ni àgbà ń gbé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì?

Ní oṣù January 1960, wọ́n ṣí Sun City ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ìlú tí a kọ́ fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ ti wá pọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Kò wọ́pọ̀ ní Kumasi. Ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ àgbà ń padà sí, èyí tí àwọn Asante ń pè ní abusua fie. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ka ìran, nítorí náà ọkùnrin tí ó fẹ̀yìn tì lè fi ilé tí òun àti aya rẹ̀ ń gbé sílẹ̀, kí ó padà sáàárín àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò àti àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀.

Fante New Town, nítòsí àárín ìlú, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ilé alágbàálá pọ̀ sí: yàrá yí gbàgede ká, omi, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ sì jẹ́ àjọlò. Orúkọ rẹ̀ ń rán wa létí àwọn Fante tí ó wá láti etí òkun. Àwọn Yorùbá náà ti fi Kumasi ṣe ilé fún ìgbà pípẹ́, títí di ọjọ́ 18 oṣù November 1969 tí ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn tí ó kù àti àwọn tí ó padà wá lẹ́yìn náà ti di àgbà. Ẹni tí kò ní abusua fie ní Kumasi, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ni yóò fi ṣe agbo ilé.

Ènìyàn lè dá wà láàárín èrò

Ibí yìí ni òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń ṣìnà. Ó wọ ilé, ó bá ogún ènìyàn ní gbàgede, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àgbà yìí kò dá wà. Ṣùgbọ́n bí etí ìyá kò bá gbọ́ràn mọ́, ariwo lásán ni ìtàkùrọ̀sọ ìrọ̀lẹ́ jẹ́ fún un. Yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò wọlé lọ sùn. (Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ni. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.)

Ìsìnkú ni ó ń fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ní Kumasi, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìsìnkú, ibẹ̀ ni àgbà ti ń pàdé ojúgbà rẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti ń mọ ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ yóò dá owó nsawa, iye tí a bá sì dá ni a máa ń kéde. Ká ní bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì kò lọ síbi ìsìnkú mọ́. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé orúnkún ń dun òun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò ní owó tí yóò dá, tàbí pé ìtọ̀ kì í ṣeé mú mọ́ra fún un, ojú sì ń tì í. Ìdí mẹ́ta ni èyí, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Nítorí náà, ìbéèrè kan tí a dábàá ni: "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ lọ síbi ìsìnkú gbẹ̀yìn?" Èsì rẹ̀ máa ń sọ ju èyí tí "Ṣé ara le?" ń mú wá lọ.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn?

Ẹ béèrè ohun méjì nípa ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá: ṣé inú yín ń bàjẹ́ tàbí ẹ ti sọ ìrètí nù? Ṣé ohun tí ẹ máa ń gbádùn kò wù yín mọ́? Bí èsì sí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i. Ọ̀pọ̀ àgbà kì í sọ pé inú ń bà wọ́n jẹ́. Wọ́n á ní ara ń ro wọ́n, oúnjẹ kò lọ, oorun kò wá.

Ìgbàgbé pẹ̀lú lè ti ara ìrẹ̀wẹ̀sì wá. Kí a tó sọ pé àgbà ń ṣarán, kí a béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Arán sábà máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì a máa yára dé, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń ráhùn nípa rẹ̀. Méjèèjì lè wà lára ẹnì kan. Kí a tún yẹ àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn oògùn tí ó ń lò wò.

Ìtọ́jú

Ìjíròrò pẹ̀lú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ìrìn ojoojúmọ́ àti ìpadàbọ̀ sí iṣẹ́ tí agbo ilé nílò ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà ní orúkọ ìtọ́jú: jẹ́ kí ìyá ṣa ewébẹ̀, kí bàbá parí ìjà àwọn ọmọ. Bí ó bá nílò oògùn, a kì í fẹ́ amitriptyline fún àgbàlagbà, nítorí ó lè da ìlù ọkàn-àyà rú, ó sì lè mú kí òòyì kọ́ ọ kí ó ṣubú. Ẹni tí ó bá ti ń lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀. Ní Gánà, ẹni tí ó ti pé 70 ọdún kì í san owó àsansílẹ̀ ọdọọdún fún ìṣètò ìlera ìjọba, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ikú

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ń yá. Ìyẹn nìkan kì í ṣe àmì ewu. Bí ó bá ní òun yóò pa ara òun, tàbí tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ láìnídìí, ẹ bi í ní tààràtà. Ìbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò àti àpọ̀jù oògùn kúrò nínú yàrá, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Komfo Anokye ní Kumasi ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rù ọlọ́pàá a máa mú kí ẹbí bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gánà yí òfin padà: ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn mọ́.