Ìkìrun Ni, Ìnísà Ni, Àbí Òkukù? Ìyá Tó Kó Ọmọ Bọ̀ Láti Gáná Ní: Ẹ Yan Ilé Kí Ẹ Tó Yan Ilé-Ìwé

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, inú ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò ní ẹbí lẹ́yìn odi? Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù láti ìlú Òyìnbó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Ó ní òun àti ọkọ òun ti pinnu, àwọn ń bọ̀ nílé pátápátá. Ọmọ méjì ni wọ́n ń kó bọ̀: ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ.

"Ìwọ tó o jẹ́ oníròyìn," ó ní, "bá mi wádìí ibi tí ilé-ìwé ti dáa jù. Ìkìrun ni ilé ọkọ mi, Ìnísà ni ilé bàbá mi, Òkukù ni ilé ìyá bàbá mi. Àbí kí n tiẹ̀ fi ọkùnrin yẹn sí ilé-ìwé olórúkọ kan ní Òṣogbo, kó máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ mi?"

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Mo mú bírò àti ìwé, ó di Ìnísà lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí mo rojọ́ tán, màmá dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Òṣogbo kẹ̀? Ṣé bàbá rẹ̀ ò sọ fún un ni?"

Ohun tí bàbá rẹ̀ ò sọ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Mo ti gbàṣẹ lẹ́nu gbogbo wọn.

ỌJỌ́ TÍ GÁNÁ NÍ KÍ WỌ́N MÁA LỌ

Ẹni tó bá mọ ìtàn agbègbè wa á mọ̀ pé àwọn ará ibí kì í jókòó sójú kan. Nígbà tí Gáná ṣì ń jẹ́ Gold Coast, kó tó gba òmìnira lọ́dún 1957, ni wọ́n ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Àwọn ará Ìnísà, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbẹ́tì, ẹ ó bá wọn ní ọjà Tamale, ẹ ó bá wọn ní Kumasi, ẹ ó bá wọn ní Accra. Aṣọ ni màmá ń tà ní Tamale, ọkọ wọn ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná tí Dókítà Busia jẹ́ olórí rẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á tàbí kí wọ́n kúrò nílùú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tó tajà láwìn kò ráyè sin gbèsè, ẹni tó kọ́lé kò ráyè tà á. Lọ́rì kún fọ́fọ́, wọ́n gba ilẹ̀ Tógò kọjá, wọ́n gba Dahomey tí à ń pè ní Benin lónìí, wọ́n fi wọ Nàìjíríà.

"A kó aṣọ, a kó ìkòkò, a tún di bẹ́ẹ̀dì mọ́ orí lọ́rì," màmá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ohun tí a gbàgbé ni ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ta ló ń ronú ìyẹn níjọ́ náà?"

ỌMỌ MẸ́TA, IBI MẸ́TA

Oṣù kejìlá ni wọ́n dé Ìnísà. Láyé ìgbà náà, oṣù kìíní ni ọdún ilé-ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sáyè à ń rò ó. Lóòótọ́, ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù kìíní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ńkọ́? Ibi tí wọ́n máa sùn ńkọ́? Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú ilé ẹbí, ọjà sì ti run sí Gáná.

Ni wọ́n bá pín àwọn ọmọ. Èyí tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìnísà. Obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sọ́dọ̀ ìyá màmá ní Òkukù. Màmá fúnra wọn gba ìsọ̀ ní ọjà Ìkìrun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ aṣọ títà lákọ̀tun. Àkọ́bí ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, òun ni orí rẹ̀ pé jù. Tíṣà rẹ̀ ní Tamale ti sọ pé yóò di dókítà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú un lọ sí ilé-ìwé kan ní Òṣogbo tí gbogbo ayé ń ròyìn, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Nítorí pé kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, wọ́n dá a padà sí kíláàsì méjì sẹ́yìn. Ó wá ga gọgọrọ láàrin àwọn ọmọ kéékèèké. Hausa àti Dagbani yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Bó bá ti lanu, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Ará Gáná!" Nílé tó ń gbé, àfi kó kọ́kọ́ pọn omi kún àmù kó tó lọ sí ilé-ìwé, bó bá sì dé, igbá ọjà ni wọ́n á gbé rù ú. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni màmá ń ráyè lọ wò ó. Wọ́n á ní, "Ṣé kò sí?" Á ní, "Kò sí, màámi."

Ní táàmù kẹta ni tíṣà kan ránṣẹ́ sí wọn pé àwọn ò rí ọmọ náà ní ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọgbà àwọn jórinjórin ló ń lọ jókòó sí láràárọ̀, nítorí pé níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n nà án, kò padà sí ilé-ìwé mọ́ títí dòní.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Iṣẹ́ ọwọ́ kò lábùkù. Ọmọ yẹn ló di ẹ̀gbọ́n màmá mi, jórinjórin tó ṣe ọ̀pọ̀ géètì tí ẹ̀ ń rí ní Ìnísà àti Ìkìrun. Iṣẹ́ náà ni wọ́n fi kọ́lé, òun náà ni wọ́n fi rán ọmọ wọn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ìlú Òyìnbó yìí, ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí ìyà lé wọ ọ́.

Obìnrin tó wà ní Òkukù ńkọ́? Ilé-ìwé tí wọ́n fi í sí kò lórúkọ kankan. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ mọ A yàtọ̀ sí B, alaalẹ́ ni wọ́n ń ní kó kàwé sókè létí àwọn. Tíṣà rẹ̀ ń gba iwájú ilé kọjá, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á béèrè. Ọmọ yẹn di nọ́ọ̀sì, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Èyí tó wà ní Ìnísà náà parí ìwé mẹ́wàá, owó ni kò jẹ́ kó lọ jù bẹ́ẹ̀.

"Fún àgbà, ilé-ìwé ni mo yàn, mi ò yan ilé," màmá ní. "Fún obìnrin, ilé ni mo yàn, ìwé sì tẹ̀lé e."

BÍ Ó ṢE RÍ LÓDE ÒNÍ

Mo rìn yí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Bí ẹ bá gba títì láti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, Ìkìrun lẹ ó kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn náà Ìnísà, lẹ́yìn náà Òkukù. Ìkìrun wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ibẹ̀ ni Akinorun Grammar School wà. Ìnísà àti Òkukù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006 ní ọgbà ní Òkukù. Kò sí èyí tí mo lè tọ́ka sí pé òun ló dáa jù. Nínú ìlú kan náà, ilé-ìwé yàtọ̀ sí ilé-ìwé, kíláàsì tún yàtọ̀ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nìyí.

Èkíní, ẹ wo ibi tí ọmọ yóò sùn. Ta ni yóò jí i? Ta ni yóò wo ìwé rẹ̀ lálẹ́? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ má tíì ra yunifọ́ọ̀mù.

Èkejì, ìwé ṣáájú ẹrù. Ìwé ìbí, ìwé èsì ìdánwò táàmù, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé tó ń fi sílẹ̀: ẹ gbà wọ́n kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ tó bá ti Gáná wá lóde òní, ìdánwò WAEC kan náà ló wà níbẹ̀ àti níbí, nítorí pé àjọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì láti 1952. Èyí tó bá ti Àbíjàn wá, èdè Faransé ló fi kàwé, BEPC àti BAC ni ìdánwò tiwọn. Ó nílò àyè láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ti ìlú Òyìnbó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Yorùbá kíkọ lè dà á láàmú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má pẹ́ jù. WAEC máa ń gba máàkì iṣẹ́ kíláàsì ọmọ láti SS kìíní dé ìkẹta. Ẹni tó bá gbé ọmọ dé nígbà tó yẹ kó wọ SS kẹta ń wá wàhálà. Ó sàn kó dé ní JSS.

Ẹ̀kẹrin, òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba, láti pírámárì kìíní títí dé JSS kẹta. Bí wọ́n bá dárúkọ owó fún yín, ẹ béèrè pé owó kí ni.

Ìkarùn-ún, ẹ má jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ tàn yín. Nígbà ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n pa àwọn ilé-ìwé kan pọ̀, wọ́n tún kíláàsì tò lọ́nà mìíràn. Lọ́dún 2020, ìjọba Oyètọ́lá kéde pé kí wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ilé-ìwé tí ẹ lọ nígbà èwe yín lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ lọ fojú rí i lọ́jọ́ iṣẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ àríyá. Ẹ ka ọmọ tó wà lórí bẹ́ńṣì kan. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ béèrè tíṣà ìṣirò. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ yà sọ́jà, kí ẹ bi àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà níbẹ̀. Wọn ò ní purọ́ fún yín.

Ìkẹfà, àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá kàwé ní ìlú ìyá rẹ̀, kò ní rí ìwé ọmọ-ìlú gbà. Ìjọba ìbílẹ̀ bàbá ló máa ń fún ọmọ ní ìwé yẹn, níbi yòówù kó ti kàwé.

BÀBÁ GBA FÓÒNÙ

Nígbà tí mo parí ìrìn mi, mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà láti ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, bàbá bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n ní, "Gbé e fún mi."

Wọ́n sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀: àmù, igbá ọjà, "Ará Gáná", ọgbà jórinjórin. Wọ́n ní, "Mi ò bú ìyá mi. Wọ́n sáré, wọ́n ṣe é tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìwọ, ẹnikẹ́ni ò lé ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ni wọ́n fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè fèsì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún mi rí."

Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé Ìkìrun ni ìdílé náà máa gbé, nílé ọkọ rẹ̀, ọmọ méjèèjì á máa sùn sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ìyá àti bàbá wọn. Ilé-ìwé tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé ni wọ́n máa lọ ní oṣù kẹsàn-án. Bàbá ti ń jó irin fèrèsé ilé náà lọ́wọ́ báyìí, wọn ò sì gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti Gáná, Àbíjàn tàbí ìlú Òyìnbó kó ọmọ dé, ibo lẹ fi wọ́n sí? Kí ni ojú yín rí? Ẹ kọ̀wé sí wa, ojú-ìwé lẹ́tà ń retí yín.