Bí Ìjì Bá Ṣí Òrùlé, Ọjọ́ Mélòó ni Owó Ìnṣọ́ránsì Yóò Fi Jáde?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ó bá ń gbé Ilé-Ifẹ̀ mọ ìjì àkọ́rọ̀ òjò dáadáa. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ọdún, ojú ọ̀run a ṣú, afẹ́fẹ́ a gbé eruku sókè, kí a sì tó ká aṣọ lórí okùn tán, páànù ilé ẹnìkan ti balẹ̀ sí àgbàlá aládùúgbò.

Ní ayé àwọn baba wa, ọ̀wẹ̀ ni onílé máa ń bẹ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ a já ewé gbòdògì wá, wọn a sì bo ilé náà padà. Lónìí, páànù àti pákó ti wọ́n ju agbára ọ̀wẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ṣe ìnṣọ́ránsì, èyí tí a tún ń pè ní adójútòfò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa san owó díẹ̀ lọ́dọọdún, a ó sì mú nínú rẹ̀ fún ẹni tí òfò bá ṣe. Kò jọ èsúsú tí olúkúlùkù ń kó nígbà tí ó bá kàn án. Ẹni tí òfò kò ṣe kò ní kó nǹkan kan. Kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa: láti 1921 ni Royal Exchange Assurance ti Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ẹ̀ka sí Èkó.

Ẹ ó wá bi mí pé, “Bí ilé mi bá bàjẹ́, ìgbà wo ni n óò rí owó gbà?” Òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003 fi 90 ọjọ́ sí i. Kí ọjọ́ náà tó pé, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó, tàbí kí ó kọ̀wé sọ ìdí tí kò fi ní san án. Ní ọdún 2025, òfin tuntun gba ipò rẹ̀, òun náà kò sì fẹ́ kí a fi owó falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí èyí: òfin 2003 kò ka ọjọ́ láti ìgbà tí ìjì jà. Ọjọ́ tí ìwé onílé dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni ó ti ń kà á. Ẹni tí ó bá jókòó sílé fún oṣù méjì kí ó tó kọ̀wé, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi oṣù méjì kún ìdúró rẹ̀.

Bí ìwé bá dé, ilé-iṣẹ́ a rán ẹni tí yóò wo ìbàjẹ́ náà tí yóò sì díwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ páànù díẹ̀ ni ó ṣí, iṣẹ́ rẹ̀ lè yá. Bí ó bá jẹ́ iná ni, yóò béèrè ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì fẹ́ rí ìwé àwọn panápaná. Lẹ́yìn èyí, wọn a sọ iye tí wọ́n fẹ́ san. Bí ẹ bá gbà, ẹ ó fọwọ́ sí ìwé, owó yóò sì jáde.

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Èkínní, ìwé mìíràn wà fún iná àti àrá nìkan; ìjì, àgbàrá òjò àti ìrúkèrúdò kò sí nínú rẹ̀ àfi bí a bá san owó kún un. Àwa tí a rí bí ilé ti jóná ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000 mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Èkejì, ẹni tí kò tíì san owó ọdún kò ní ààbò. Ẹ̀kẹta ni dídín iye ilé kù. Bí ilé yín bá tó 20,000,000 náírà, tí ẹ sì pè é ní 10,000,000 kí owó ọdún má baà pọ̀, bí ìjì bá ba 2,000,000 jẹ́, 1,000,000 péré ni wọ́n lè san, nítorí ìdajì ilé ni ẹ fi sí abẹ́ ààbò.

Nítorí náà, bí ìbàjẹ́ bá dé, ẹ kọ̀wé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe. Ẹ ta tapólì bo ibi tí ó ṣí, kí òjò má baà ba ìyókù jẹ́. Ẹ má ṣe ju páànù tí ó bàjẹ́ nù kí wọ́n tó rí i. Ẹ ní kí káfíńtà kọ iye owó àtúnṣe sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó gba ìwé yín, àti ọjọ́ tí ó gbà á. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì, NAICOM, wà láti gbọ́ ẹjọ́ yín.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ yín nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa kéré. Ẹ bá bàbá àti ìyá yín kà á ní alẹ́ òní, kí ojú ọ̀run tó ṣú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹbí ní ilé mìíràn, nítorí ìwé tí ó bá ilé jóná kò lè jẹ́rìí fún onílé.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.