Ẹ So Pákó Mọ́ Ọkọ̀ Ná

Lásìkò máńgòrò, ilẹ̀ ọjà èso Kétu kì í gbẹ. Omi èso, èèpo àti ewé, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Ibẹ̀ ni mo dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n fẹ́ gbé ọ̀kadà Bajaj kan sẹ́yìn Canter. Ọkọ̀ náà ti já máńgòrò sílẹ̀ tán, ó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lófìfo, dẹ́rẹ́bà sì ti gbà láti bá ọlọ́kadà gbé e. Kò kúkú ní ẹrù mìíràn tí yóò kó padà.

Ohun tó ń lé ọ̀kadà kúrò ní Kétu kò fara sin. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tó fi mọ́ Ìkẹjà, Súrùlérè àti Àpápá. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi mẹ́rin kún un: Kòsọ́fẹ́ tó ni Kétu, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Irú ọkọ̀ ẹrù bẹ́ẹ̀ kan náà ló sì ń gbé ọ̀kadà wọ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, àwọn agbófinró dá ọkọ̀ kan tó ti Jígàwá bọ̀ dúró l'Ékòó. Ọkùnrin 123 àti ọ̀kadà 48 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó gbé 48 yẹn gòkè ló wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń wo ẹyọ kan yìí.

Pákó méjì ni wọ́n gbé jáde, fífẹ̀ fún táyà, tẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹni tí yóò máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọlọ́kadà fò lé fífẹ̀ láàárín, ó ní ó lágbára. Alágbàrù kan tó ti hewú rẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, pákó kò níí kán. Yíyọ̀ ló máa yọ̀. Wo orí rẹ̀.”

Orí pákó kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lórí etí ọkọ̀. Bàbá ní táyà ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́: bó ṣe ń ti ọ̀kadà síwájú, bẹ́ẹ̀ ló ń ti pákó sẹ́yìn. Bí orí pákó bá fi lè kúrò létí ọkọ̀, ọ̀kadà tó ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ á wó lu ẹni tó dì í mú.

Ihò méjì wà lórí pákó náà, lọ́tùn-ún àti lósì. Bàbá ki okùn bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fà á gba abẹ́ ọkọ̀, ó so ó mọ́ irin ṣaṣí. Kò so ó mọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, nítorí ìyẹn ń mì. Kò sì lo okùn kan ṣoṣo láàárín, kí pákó má baà yí. Ó fẹsẹ̀ ti pákó léraléra, kò mira. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà fi ọkọ̀ sí jíà, kó fa bíréèkì ọwọ́, ó tún fi òkúta há táyà. Lẹ́yìn náà ló bu yanrìn lé pákó nítorí omi máńgòrò.

Kò sí ẹni tó gun ọ̀kadà náà. Jíà kìíní ni wọ́n fi gbé e, bàbá ń rìn lósì rẹ̀ lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín, ẹ́ńjìnnì kú. Ọlọ́kadà pariwo pé kí wọ́n tẹ bíréèkì iwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìwúwo wà nígbà náà. Iwájú nìkan á kàn máa yọ̀ ni. Bàbá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, jíà sì di táyà ẹ̀yìn mú gírígírí. Okùn méjèèjì ró, pákó dúró síbi tó wà. Ó mí, ó tún tan ẹ́ńjìnnì, ó dé òkè.

Lókè, wọ́n gbé táyà iwájú ti ògiri ọkọ̀, wọ́n ti epo pa, wọ́n sì fi okùn fa ọwọ́ ọ̀kadà lọ́tùn-ún lósì títí ṣọ́kì fi wọlé díẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé ọ̀kadà yín kúrò ní Kétu, tí alágbàrù sì ní òun kò rí okùn, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.