Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Ọsàn Tí A Ti Gé

Ọsàn bíbó ni màámi ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì kan. Owó ọsàn yẹn wà lára ohun tí a fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ní ọdún kìíní. Nígbà tí mo dé ọdún kejì ní ẹ̀ka wa, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́, mo lọ sílé fún ìsinmi, mo sì fẹ́ fi ìmọ̀ tuntun ran màámi lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ku nǹkan bí ogún ọsàn tí wọ́n ti bó tí ẹnikẹ́ni kò rà. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo so ẹnu ọ̀rá náà pinpin kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé, mo sì gbé e sórí tábìlì. Ní ọjọ́ kejì, òjò rọ̀, màámi kò lè pàtẹ. Nígbà tí mo tú ọ̀rá náà ní ọjọ́ kẹta, omi ti dá sínú rẹ̀, ara ọsàn ń yọ̀, ó sì ń rùn bí ọtí. Màámi dà á nù láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n fọ ọwọ́ tán ni wọ́n tó wò mí, wọ́n ní, "Ìwé lo kà, o ò tíì ka ọsàn."

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, mo ti wá ka ọsàn báyìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Èèpo ni ààbò ọsàn. Òróró wà nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀, ohun kan tó dà bí ìda sì bò ó lójú, tí kì í jẹ́ kí omi inú ọsàn tètè gbẹ, tí kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí rí ọ̀nà wọlé. Bí a bá fi ọ̀bẹ bó èèpo òde yìí kúrò, tí a fi funfun sílẹ̀, ìdajì ààbò ti lọ. Bí a bá wá gé e sí méjì, ìhòòhò ló wà. Omi á máa gbẹ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa dín òórùn dídùn àti fítámì C rẹ̀ kù, kòkòrò á sì rí ṣúgà àti omi jẹ.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí ọsàn kan, ṣé kíkan rẹ̀ kò lè pa kòkòrò ni? Lóòótọ́, kíkan náà ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, kò bẹ̀rù nǹkan kíkan. Ó tún lè ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ibẹ̀ gan-an ló ti ń sọ ṣúgà di ọtí. Àṣìṣe mi nìyẹn: mo lé afẹ́fẹ́ síta, mo fi ooru àti omi sílẹ̀. Àwọn kòkòrò àrùn kan náà lè fara da kíkan ọsàn fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1999, omi ọsàn tí wọn kò fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ kó àrùn Salmonella ran ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta la fi ń rọ́pò èèpo: ìmọ́tótó, ìdérí, àti òtútù. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, méjì tó kù kò tó.

Ẹ fi omi tó mọ́ fọ ọsàn kí ẹ tó gé e, kódà bí ẹ kò bá ní jẹ èèpo rẹ̀, nítorí ọ̀bẹ ló ń gbé ìdọ̀tí ara èèpo wọ inú. Kò nílò ọṣẹ. Ẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ pẹ̀lú, ẹ má sì lo ọ̀bẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gé ẹran.

Bí ìlàjì bá ṣẹ́ kù, ẹ má bó èèpo rẹ̀. Ẹ da ojú tí ẹ gé dé orí àwo tó mọ́, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ bo ojú náà dáadáa. Èyí tí ẹ bá ti ya sí wẹ́wẹ́, ike kékeré tó ní ìdérí ló yẹ ẹ́. Ẹ má bu ṣúgà sí i, nítorí ṣúgà á fa omi inú rẹ̀ jáde.

Ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Bí ooru bá mú ju 32°C lọ, kí wákàtí kan tó pé. 4°C tàbí èyí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ ló dára. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: iná dà? Fíríìjì tí a kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi kì í jẹ ọsàn gígé inú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò ní fíríìjì rárá nínú yàrá rẹ̀, kó gé ìwọ̀n tó máa jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Odidi ọsàn nínú agbọ̀n, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà tí oòrùn kò sì dé, kò ní yọ yín lẹ́nu fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ fi fọ ẹja tí ìlàjì sì kù, ẹ fún omi rẹ̀ sínú ike tí a fi ń ṣe áìsì, kó dì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ mú ẹyọ kan jù sínú ìkòkò. Ẹ má fi omi ọsàn pamọ́ sínú abọ́ tánganran tó ti họ tàbí abọ́ alumíníọ̀mù, nítorí kíkan rẹ̀ ń jẹ irin.

Omi ọsàn tó dùn láàárọ̀ tó wá ń korò nírọ̀lẹ́ lè má tíì bàjẹ́ o. Ohun kan wà nínú ọsàn tí kì í korò tẹ́lẹ̀. Bí a bá ti fún un, kíkan inú omi náà á sọ ọ́ di limonin, òun ló ń korò. Ṣùgbọ́n bó bá ń rùn bí ọtí, tó ń hó, tí ìdérí rẹ̀ wú, tàbí tí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé wà lára ọsàn, ẹ dà á nù. Ẹ má tọ́ ọ wò.

Ní ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo tún bá màámi sọ̀rọ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bí ọjà ṣe ń lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àárọ̀ àti ìgbà tí àwọn awakọ̀ bá dé lọ́sàn-án ni ó ń yá jù. Ní báyìí, mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń bó, odidi sì ni ìyókù wà nínú agbọ̀n títí oníbàárà á fi dé. Bí méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ti bó bá kù nírọ̀lẹ́, àwa ará ilé la ń mu ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ìgbà náà, n kò tún rí i kí wọ́n da ogún ọsàn nù.